Odán Lókè, Òkúta Nísàlẹ̀

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ mi láti ẹnu ọkùnrin mìíràn. Kò tíì pẹ́ tí a sin ọkọ mi. Yẹ̀pẹ̀ orí sàárè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kò tíì le, adìyẹ ṣì ń tú u, ọmọbìnrin mi á jáde lọ lé wọn. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ náà ń díje láti lọ ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo abúlé pé síwájú ilé wa lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè jáde, torí pé opó ni mò ń ṣe.

Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ igi náà lọ́jọ́ yẹn ni mo lè pè lórúkọ, àti orúkọ ìyá tó bí i, àti ẹni tó ti kú nínú àwọn ará ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bí káńsù bá sọ ìwé wọn nù, kí wọ́n wá bi mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé lèyí tí mo fẹ́ kọ yìí, n ò ní dárúkọ ẹnì kankan. Ẹni tó bá mọ̀ wá ti mọ̀ wá. Prámárì mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa tẹ̀lé ìyá mi lọ oko. Bí mo ṣe mọ ọ́n kọ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Ẹ̀rúnmu. Èèyàn á kúrò lórí ọ̀dà, á gba ọ̀nà oko, odò kan á pàdé rẹ̀. Odò yẹn kò tóbi, ṣùgbọ́n kò ní ìtìjú. Lẹ́ẹ̀rùn, ọmọdé á fò ó kọjá. Bí òjò bá dé, á dì mọ́ àwọn tó ń ti oko bọ̀, á ní kí wọ́n dúró. Ibi méjì la ti máa ń gbà kọjá. Ọ̀kan wà lókè, níbi igi odán kan, nítòsí ibi tí èmi àti àwọn obìnrin mélòó kan ti ń yan gaàrí. Èkejì wà nísàlẹ̀, níbi òkúta pẹlẹbẹ kan tó tẹ́ wọ inú omi. Ẹni tó bá fẹ́ tètè dé ọ̀nà Ẹgbẹ́dá ni ó máa ń gba ibẹ̀.

Àwa méjì la wà nínú yàrá opó náà. Èkejì mi ni ìyàwó kejì tí Baba fẹ́. Baba ni gbogbo wa ń pe ọkọ mi. Èmi ń pe orogún mi ní ìyàwó, òun ń pè mí ní Ìyá mi. Ẹgbẹ́dá ni ó ń gbé, ó ń ta ata níbẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí títì. Baba á sun ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi lábúlé, wọ́n á sun ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí irun Baba fi funfun. Ìyàwó á máa wá sí abúlé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ká ata, á gba orí òkúta kọjá, á kí mi, á lọ. A kò sùn sábẹ́ òrùlé kan rí. Ìgbà tí Baba kú ni àwọn ẹbí àti aáfà ní ibi tí wọ́n bá sin ọkọ sí ni àwọn aya á ti ṣe opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kí a má jáde, kí ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí má rí ojú wa. Wọ́n tẹ́ ẹní tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n tẹ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọbìnrin mi ló ń se oúnjẹ fún wa.

Ẹni tó bá ní òun kò jowú orogún òun, ẹ bá mi wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo ti rò pé owú ti tán nínú mi láti ìgbà tí eyín mi ti ń ká. Yàrá yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé oorun ló ń sùn. Ìyàwó máa ń sunkún láìsí ariwo. Èmi á sunkún tèmi, àwọn ará ilé á gbọ́, wọ́n á wá rẹ̀ mí lẹ́kún, á sì tán. Tirẹ̀ kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin, omi á kàn máa ṣàn lójú rẹ̀ bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Mo wá ń wò ó pé bóyá ẹkún tirẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ, inú mi kò sì dùn sí i.

Àwọn tó ń ti Ẹgbẹ́dá wá kí i tún dá kún un. Àwọn obìnrin á wọlé, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa sọ ohun tí Baba sọ àti ohun tí Baba ṣe. Baba tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó. Baba tó mú kí bàbá tó ń lẹ táyà rẹ́rìn-ín títí ó fi jẹ́ kí táyà oníbàárà jóná. Ìyàwó á rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú omijé, á ní, "Baba yẹn náà ni." Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, n ó máa wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ń ròyìn àlejò fún. Baba tèmi á ti oko dé, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á ní, "Ó dáa," wọ́n á sì sùn. Mo gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Mo tiẹ̀ máa ń bá àwọn obìnrin oníwàhálà yangàn pé ọkọ tèmi kì í rojọ́. N kò mọ̀ pé ẹnu wọn ń là níbòmíràn.

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí ọkùnrin olóṣèlú náà dé. Ọmọ Ẹgbẹ́dá ni, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó. Òun àti Baba ti máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà kó tó ronú ìbò rárá. Wọ́n ti ń pè é ní Ọnọ́rébù kó tó wọlé, bí ẹni tó ń sọ oyún lórúkọ. Ó ránṣẹ́ wá pé níwájú ilé Baba ni òun fẹ́ ti bá abúlé sọ̀rọ̀, nítorí ẹni ire. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wá ti pín ìrẹsì àti fìlà. Eléyìí kò gbé nǹkan kan dání, mo sì ń gbọ́ láti ojú fèrèsé bí àwọn kan ṣe ń kùn pé ọ̀rọ̀ ni àwọn máa sè lálẹ́.

Ó kí sàárè Baba, ó ṣe àdúà, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ò ní purọ́ fún wa. Ó ní aṣòfin kì í gbé ṣọ́bìrì, kì í po sìmẹ́ńtì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣòfin, kó sì rí i pé orúkọ abúlé wa wà nínú ìṣirò owó ọdún ìjọba, kó wá dúró ti ìjọba lọ́rùn. Ó ní nǹkan tí òun fẹ́ dúró lé lórí kò pọ̀.

Ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ó ní wọ́n ti kun tiwa ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí nọ́ọ̀sì tó ń sùn síbẹ̀. Òun á ti òfin kan lẹ́yìn pé ilé ìwòsàn abúlé kò gbọdọ̀ wà láìsí ilé tí òṣìṣẹ́ á máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ilé ìwòsàn tí kò sí ẹni tó ń sùn níbẹ̀, ewúrẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún."

Ọ̀rọ̀ Baba nìyẹn. Mo rántí alẹ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, lórí bẹ́ẹ̀dì wa, wọ́n ń yọ bàtà. Ó wà lára ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n bá mi sọ láyé wọn, mo sì fi í pamọ́ sí àyà mi bí wúrà. Mo wo ìyàwó bí ẹni tó ń sọ pé, ṣé o gbọ́? Kò wò mí. Ó tẹ orí ba.

Ọkùnrin náà bọ́ sórí ọ̀rọ̀ màlúù tó ń jẹ oko. Ó ní òun kò wá láti wá dá ìjà sílẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n la ọ̀nà kan fún àwọn darandaran dé odò, kí gbogbo wa mọ ọ̀nà náà, kí ẹni tí ẹran rẹ̀ bá yà kúrò níbẹ̀ wá jókòó síwájú baálẹ̀, kó san ohun tí ẹran rẹ̀ jẹ. Ó ní, "Màlúù ò mọ ààlà..."

Mo gbọ́ ìyókù rẹ̀ nínú yàrá kó tó jáde láti inú ẹ̀rọ. Ìyàwó ló ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀: "...ẹni tó ni ín ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tó ni ín ló mọ̀ ọ́n," ni ọkùnrin náà wí, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́.

Mo bi í pé, "Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

"Baba ni, Ìyá mi."

"Nígbà wo?"

"Ọdún tí màlúù jẹ oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn odò. Wọ́n jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n ò tiẹ̀ jẹun."

Èmi ni mo ni oko ẹ̀gẹ́ yẹn. Èmi ni mo gbìn ín, èmi ni mo dúró sáàárín ẹ̀gẹ́ tó wó lulẹ̀, tí mo ká ọwọ́ lérí. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún Baba, wọ́n ní, "Ọlọ́run á fi òmíràn dípò rẹ̀," wọ́n sì bu omi mu. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn wọ́n. Àṣé ó dùn wọ́n débi tí wọn ò fi jẹun, ṣùgbọ́n ní Ẹgbẹ́dá ni wọ́n gbé ìbànújẹ́ oko mi lọ, wọ́n lọ gbé e kalẹ̀ síwájú obìnrin mìíràn. Bí wọ́n bá ní Baba gbé aṣọ mi lọ fún un, kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Kí n tó rí nǹkan sọ, ọkùnrin náà ti wà lórí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn obìnrin tó ń ru gaàrí àti ata lọ sójú ọ̀dà ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Agbowó kan á dá wọn dúró láàárọ̀, á fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì, òmíràn á yọ lọ́sàn-án, á ní tòun yàtọ̀. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ òfin pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni obìnrin á gbà lójúmọ́, ibi yòówù kó gbé ẹrù rẹ̀ dé. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Agbowó tí a rí láàárọ̀, kó jọ̀ọ́, kó má bí ìbejì kó tó dọ̀sán."

Gbogbo abúlé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí opó. Ó ní, "Ọjọ́ tí Baba sọ èyí, bàbá tó ń lẹ táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì."

Mo ní, "Baba kọ́ ló sọ ọ́. Èmi ni."

Ó gbé ojú sókè.

"Èmi ni mo sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo ti ọjà Ẹ̀rúnmu bọ̀ pẹ̀lú orí fífọ́. Baba ń jẹun. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n fi omi sí ọbẹ̀."

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń sọ̀rọ̀ lọ níta, nípa àwọn olùkọ́ tí òjò àkọ́kọ́ máa ń lé padà sí Ìbàdàn, kò sí èyí tó ń gbọ́ ọ nínú wa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú. Ilé ìwòsàn àti ewúrẹ́, èmi ni mo sọ ìyẹn fún Baba."

"Irọ́."

"Ọjọ́ tí ìrọbí ọmọ mi kejì mú mi lábúlé níbí, tí mo wá ká ata. Ẹ ti lọ ọjà. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, ewúrẹ́ ló sùn sórí ẹní tó yẹ kí n dùbúlẹ̀ lé, kò sì sí ẹnì kan. Nígbà tí Baba wá rí ọmọ, mo ní kí wọ́n bá mi bi ìjọba, ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún ni."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi sì mọ̀ pé òótọ́ ni, torí mo rántí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà, kò sì pẹ́ sí i ni Baba yọ bàtà lórí bẹ́ẹ̀dì mi tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà. Wúrà tí mo fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí, ti orogún mi ni.

Bẹ́ẹ̀ ni òye yé àwa méjèèjì. Baba kò bá èmi sọ̀rọ̀, wọn ò sì bá òun náà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń gbé lọ fún un, tirẹ̀ ni wọ́n ń gbé bọ̀ fún mi, ọjọ́ mẹ́ta síhìn-ín, ọjọ́ mẹ́ta sọ́hùn-ún. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn ní òun fẹ́ ṣe fún wa tí òun bá wọlé, ẹjọ́ tí obìnrin méjì rò fún ọkọ wọn ni.

Ẹlòmíràn á ní ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀. Kò balẹ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tèmi dé Ẹgbẹ́dá ní gbígbóná, wọ́n jókòó yí i ká, ó di ẹ̀rín, ó di òwe, ó mú kí ọkùnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi ní títutù, nígbà tí oorun ti ń kùn Baba. Kí ló dé tí kò jẹ́ èmi ni mo rí ẹ̀rín náà? Èmi ni mo ni àwàdà. Mi ò mọ̀ pé mo lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín títí Baba fi kú.

Nígbà tí ìpàdé tú ká, ọkùnrin náà ní òun fẹ́ kí àwọn ìyá òun. Kò lè wọlé, ó dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bàtà rẹ̀ nìkan la rí. Ó kí wa kú ìrọ́jú, ó ní ojú ń ro òun pé Baba kò sí. Ó ní Baba ti sọ fún òun lọ́jọ́ kan pé gbogbo ọgbọ́n tí àwọn ń pa lórí bẹ́ǹṣì, ilé ni ó ti ń wá.

"Ìyáàlé wa," ó ní, "ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn, ẹ ṣeun o. Gbogbo ibi tí mo bá sọ ọ́ ni wọ́n ti ń gbà mí gbọ́. Ìyàwó wa, ẹ̀yin àti agbowó oníbejì yín, ẹ ò ní jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín kú."

Ó gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó fún mi, ó gbé tèmi fún ìyàwó. Ìyàwó wò mí, èmi náà wò ó. Mo ní, "Ọlọ́run á gbè yín." Òun náà ní, "Àmín o." Kò sí èyí tó tún un ṣe nínú wa. Bí àṣìṣe náà ṣe rí, ó dà bí ìgbà tí Baba ṣì wà láyé.

Ṣùgbọ́n kò tíì lọ. Ó ní ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló ṣe pàtàkì jù, afárá odò. Ó ní bí òun bá wọlé, òun lè mú kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìṣirò owó ọdún àkọ́kọ́. Ó ti bi Baba léèrè ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e gbà, lókè níbi odán tàbí nísàlẹ̀ níbi òkúta.

Mo ní, "Kí ni Baba wí?"

"Wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó àwọn. Wọ́n ní àwọn kì í ru ẹrù kọjá níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń rù ú." Ó yí bàtà rẹ̀ padà sí ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ fún mi. Bí abúlé bá mú ibi méjì wá, wọ́n á ní a ò mọ ohun tí à ń fẹ́, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn ẹlòmíràn."

Ó lọ. Mo ti mọ ibi tí mo fẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń yan gaàrí ni mo ti ń sọ fún Baba pé ibi odán ni, nítorí obìnrin tó bá ru ẹrù kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ibẹ̀ ló sì tẹ́jú jù. Baba á ní, "Òkúta ni ìpìlẹ̀, afárá tó bá wà lórí òkúta kì í wó." Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bá Baba jiyàn lórí òkúta yẹn. Mo kọjú sí ìyàwó, mo ní, "Ìwọ lo ní òkúta, àbí?"

Ó ní, "Ẹ̀yin sì ni obìnrin tí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Baba fi ìyẹn bá mi jà títí."

Oṣù tó kù nínú opó wa, a kò tún sọ̀rọ̀ odò mọ́. À ń jọ jẹun, à ń jọ kírun. Nínú ọkàn mi, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ afárá nìkan mọ́. Ibi tí wọ́n bá gbé afárá gbà ni n ó fi mọ ẹni tí Baba gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bó bá jẹ́ òkúta, gbogbo ayé á máa rìn lórí ọ̀rọ̀ orogún mi títí n ó fi kú, èmi náà á sì máa rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú gaàrí lórí. Mo bẹ Ọlọ́run lórí ẹní ìkírun pé kó má jẹ́ kí n rí ọjọ́ yẹn.

Ìbò dé bá wa nínú opó. Aáfà kan ní a lè lọ dìbò, àbúrò Baba ní ta ló fẹ́ gbọ́ irú ìyẹn. A jókòó sílé. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ kò dìbò, ọ̀rọ̀ náà sì wọlé.

Lẹ́yìn tí a jáde opó, tí wọ́n wẹ̀ wá, tí a wọ aṣọ mìíràn, Ọnọ́rébù mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ó rán àwọn awọnlẹ̀ wá. Ìyàwó ti Ẹgbẹ́dá wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi kò sùn dáadáa lóru. Mo ti kó gbogbo àwíjàre mi jọ: àwọn obìnrin ilé gaàrí, ibi tó tẹ́jú, ẹrẹ̀ tí kò pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà tó lọ tààrà sí ilé ìwòsàn. Mo ti múra ìjà. Nígbà tí a dé etí odò, tí ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀pá tó mú dání kanlẹ̀, tó ní, "Ìyá, ibo ni?", mo la ẹnu.

Ìyàwó ti sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sókè odò. Ó ní, "Ibi odán ni. Ibẹ̀ ni Baba fẹ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri ìṣó onígi mọ́lẹ̀ níbi odán. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwíjàre mi nínú ẹnu bí ẹni tó jẹ oúnjẹ gbígbóná.

Nígbà tí à ń padà, mo bi í pé, "Kí ló dé?"

"Kí la fẹ́ fi jà, Ìyá mi? Ẹ̀yin lẹ ń kọjá níbẹ̀ jù. Àgbà sì ti ń dé, òkúta yẹn máa ń yọ̀."

"Ṣé Baba sọ fún ọ pé odán ni?"

"Baba kò sọ nǹkan kan. Ṣebí ẹ̀yin náà mọ Baba."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òòrùn mú. Mo fẹ́ ní, n kò mọ̀ wọ́n, ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Mo gbé e mì.

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo tiẹ̀ wọn gaàrí fún un, èyí tó kúnná. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tí kò ní nǹkan púpọ̀ kì í tètè yọ̀ǹda èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi afárá sílẹ̀ fún mi bí ẹni tó ti yó, tó ti àwo sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí ló ti jẹ? Kí ni Baba fún un ní Ẹgbẹ́dá tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀, tó fi lè yọwọ́ kúrò nínú èyí pẹ̀lú ẹ̀rín?

Wọn kò tíì kọ́ afárá náà. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé. Àwọn igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ṣì wà níbi odán, ewúrẹ́ ń ha ara sí wọn. Bí mo bá ń lọ sí ilé gaàrí, mo máa ń fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, kí n lè mọ̀ pé ó ṣì dúró.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ká ata, ìyàwó ṣì máa ń wá. Orí òkúta náà ló ṣì ń gbà. Mo máa ń rí i láti abẹ́ odán, agbọ̀n lórí rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Ẹnu rẹ̀ máa ń mì bó ṣe ń kọjá. Ó ń sọ nǹkan fún ara rẹ̀, nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Mo máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró, n ó na ọrùn, n ó dá etí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà díẹ̀, omi ń pariwo, n kì í gbọ́ ohun tó ń sọ.